Òkúta Òkun Kì í Ṣe Ẹran, Ẹ Má Sè É O!

Ta ni kò mọ̀ pé omi gbígbóná ń pa kòkòrò? Àmọ́ ti òkúta òkun yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn kan ń sin ẹja òkun nínú àpótí dígí. Wọ́n a máa kó òkúta etíkun sínú rẹ̀, kí ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iyùn tí wọ́n ń pè ní zoanthid lè lẹ̀ mọ́ òkúta, òmíràn nínú wọn sì ní májèlé palytoxin. Bí wọ́n bá sè é, ooru omi náà ló máa gbé májèlé wọ imú ará ilé. Ní Steventon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2018, ẹnìkan kàn ń fọ àpótí ẹja rẹ̀ ni. Èèyàn 10 ló dèrò ọsibítù, panápaná 4 wà nínú wọn!

Kí wá ni ṣíṣe? Òkúta gbígbẹ tí nǹkan abẹ̀mí kò sí lára rẹ̀ ni kí wọ́n ṣà, níbi tí òfin bá ti gbà á. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ níta gbangba. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà títí kò fi ní rùn mọ́. Omi iyọ̀ ló kàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń rú omi. Ohun tó bá jẹrà lára òkúta a máa di amóníà, amóníà sì ń pa ẹja. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ omi wò, tí amóníà àti nitrite di òdo, ni kí ẹja tó wọlé.

Ẹni tí kò bá lè ní sùúrù, kó kúkú lọ ra ẹja díndín jẹ!