Tàímìn bẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀: ọjọ́ tí a ra ọkọ̀ ló yẹ ká yí i

Bí ẹ́ńjìnì bá kú lójijì lórí eré ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ ni pé nǹkan kan kò ṣe ọkọ̀ náà láàárọ̀, pé ó kàn kú ni. Òótọ́ ló sì ń sọ, nítorí pé bí tàímìn bẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń já nìyẹn. Ẹlòmíì á ní jàǹbá ni, ẹlòmíì á ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ò gbà pé ọ̀kankan nínú méjèèjì ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti kọ iye ọdún àti iye máìlì tí bẹ́ẹ̀tì yìí yóò lò sílẹ̀. Bí ìyẹn bá kọjá tí a ò yí i, gbèsè tó ti pé ló wá gba ara rẹ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé tòkunbọ̀ máa ń wọlé láìsí ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n yí bẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kẹ́yìn. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ra tòkunbọ̀ tó ń lo bẹ́ẹ̀tì, kó yí i kó tó fi ọkọ̀ náà rin ìrìn àjò kankan, kó sì kọ ọjọ́ tó yí i sílẹ̀.

Abẹ́ ìdérí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì ni bẹ́ẹ̀tì náà wà, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò fi rí i rí. Rọ́bà ni, fọ́nrán gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ kó má baà nà, ó sì ní eyín kó má baà yọ̀. Ilé iṣẹ́ Glas ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ títà, ní nǹkan bí ọdún 1962. Ṣéènì onírin tàbí gíà ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó so kíránkì ìsàlẹ̀, tí àwọn písítìnì ń lọ sókè sódò lára rẹ̀, pọ̀ mọ́ kámúṣáfúùtì òkè, tó ń ṣí fáàfù. Bí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáfúùtì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan géérégé. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń padé, ní ìgbà 25 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, àyè kan náà ni písítìnì àti fáàfù jọ ń lò, bí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó ọ̀kan bá ń bọ̀ nílẹ̀, ti èkejì gbọ́dọ̀ ti gòkè. Bí bẹ́ẹ̀tì bá já, kámúṣáfúùtì dúró lójú ẹsẹ̀, àwọn fáàfù tó bá wà ní ṣíṣí kò lè padé mọ́. Ṣùgbọ́n kíránkì kò dúró, nítorí eré tí ọkọ̀ ń bá bọ̀ ṣì ń yí i. Písítìnì á gòkè wá gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Nígbà tó bá burú, orí fáàfù á kán sínú, á sì dá písítìnì lu. Awakọ̀ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á tún máa fi kọ́kọ́rọ́ sítáàtì. Kó fetí sílẹ̀ dáadáa: ìró náà á fúyẹ́, á máa yí wììì bí ohun tí nǹkan kan ò dí lọ́wọ́, nítorí pé fáàfù tó tẹ̀ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há mọ́ inú ẹ́ńjìnì mọ́. Bó bá ti gbọ́ irú ìró yẹn, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, torí pé ó lè máa fi kún iye fáàfù tó bàjẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn sọ. Honda ní kí a yí bẹ́ẹ̀tì Accord ọdún 1998 sí 2002, èyí tí a ń pè ní Baby Boy, ní 105,000 máìlì tàbí ọdún méje, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ní ibi tí ooru bá sábà máa ń ju ìwọ̀n 43 Celsius lọ, wọ́n dín in kù sí 60,000 máìlì. Ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń fi wákàtí mẹ́ta dúró nínú gosìlóò, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìrí atẹ́gùn, kì í ṣe ooru ojú ọjọ́ nìkan ni rọ́bà inú rẹ̀ ń fara dà. Toyota fi 90,000 máìlì sí ti Sienna ọdún 2004 sí 2006. Bí a bá fi ọdún méje yẹn ka Accord tí wọ́n ṣe ní 2002, ó yẹ kí wọ́n ti yí i ní 2009, kí wọ́n tún yí i ní 2016, kí wọ́n sì tún yí i ní 2023, ìbáà jẹ́ pé abẹ́ igi ni wọ́n gbé e sí ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún náà. Máìlì tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù kò sì lè gbà wá, nítorí ó ṣeé dá padà sẹ́yìn. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń ka máìlì, èyí tó ti Yúróòpù gba Kùtọ̀nú wọlé ń ka kìlómítà; 90,000 máìlì sì súnmọ́ 145,000 kìlómítà. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì ti ṣi ìṣirò rẹ̀.

Àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ẹ́ńjìnì ń dún dáadáa, kí ló dé tí a fẹ́ tú u. Bẹ́ẹ̀tì tó ti gbó kì í pariwo. Bí a bá ṣí ìdérí, a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti sán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí eyín tó ti ń bó, tàbí ọ́ìlì láti ara séèlì kíránkì tó ti mú rọ́bà rọ̀. A sì tún lè ṣí i, kó dán mọ́rán, kó já ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní Camry oní 2.2 ọdún 1997 sí 2001 kì í tẹ fáàfù bí bẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já. Òótọ́ ni, písítìnì rẹ̀ kì í kan fáàfù. Ẹ́ńjìnì yẹn kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà á ṣì kú sí àárín títì. Ìmọ̀ nípa Camry kan kò sì ṣeé gbé lé Honda lórí. Orúkọ ọkọ̀ gan-an kò tó: Accord tí a ń pè ní End of Discussion, oní sìlíńdà mẹ́rin ń lo ṣéènì, V6 rẹ̀ ń lo bẹ́ẹ̀tì.

Owó ńkọ́? Owó ni àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ sábà máa ń ti tú àpò rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò san bí bẹ́ẹ̀tì bá já: wọ́n á sọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà kalẹ̀, wọ́n á ra fáàfù, gásíkẹ́ẹ̀tì àti séèlì, wọ́n á gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ra bẹ́ẹ̀tì tó kọ̀ láti rà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní kàkà bẹ́ẹ̀ kó lọ sí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, kó ra ẹ́ńjìnì Belgium, ìyẹn àlòkù tí wọ́n kó wọlé. Ẹ́ńjìnì Belgium náà ní bẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á gbé e wọlé láìfọwọ́ kàn án, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tó wà nílẹ̀ yẹn ló rọrùn jù láti yí i. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù féèkì tó kún ọjà; ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Ẹni tó ń tà tí kò lè fi nọ́ńbà pátì hàn lára bẹ́ẹ̀tì àti lára páálí rẹ̀, ká fi í sílẹ̀. Ká má sì ra bẹ́ẹ̀tì àlòkù láé. Tẹ́ńṣánnà tó ń fà á le àti wọ́tà pọ́ńpù tó ń bá a yí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, kí a yí wọn pọ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ l'Amẹ́ríkà bá ti yí i, mẹkáníìkì tó bá a yí i lè ti lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọjọ́ àti máìlì. Bí ìwé yẹn bá wà, mo gbà kí a tẹ̀lé e. Bí kò bá sí, a ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti olówó ọkọ̀ nìkan. Sienna ti di ọkọ̀ èrò láti ìlú sí ìlú, bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí tí Toyota ṣe láti 1998 títí dé 2006 ló ń lo bẹ́ẹ̀tì. 2007 ni wọ́n bọ́ sí ṣéènì. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lórí eré, sìtíárìn á le, bírékì á ṣiṣẹ́ dáadáa fún títẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á le bí òkúta, tírélà sì wà lẹ́yìn. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì ń wo táyà, iná àti ohun ìpaná. Wọn kò lè rí ohun tó wà lábẹ́ ìdérí. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì ló lè béèrè. Kí wọ́n má jẹ́ kí Sienna ọdún wọ̀nyẹn gba èrò bí kò bá ní bébà kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí a kọ ọjọ́ tí wọ́n yí bẹ́ẹ̀tì sí, àti máìlì tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù lọ́jọ́ náà, àti orúkọ mẹkáníìkì tó ṣe é. Bí wọ́n bá sì ta ọkọ̀ náà, kí bébà yẹn bá a lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á.