Kí Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Rẹ́mọ Fi Inkscape Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìlíṣàn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìbáà jẹ́ káàdì ìgbéyàwó, bánà òkú tàbí tíṣáàtì ẹgbẹ́, ètò kọ̀ǹpútà kan náà ni yóò sábà bá lójú ẹ̀rọ: CorelDRAW. Ọmọ tó bá wọlé láti kọ́ṣẹ́, òun ni wọn yóò fi lé e lọ́wọ́. Títí yóò fi ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ó lè má gbọ́ orúkọ òmíràn. Bí ó bá sì gbọ́, wọn á sọ fún un pé Illustrator ni àwọn ará òkè òkun ń lò, pé Inkscape jẹ́ ohun ọ̀fẹ́ tí kò lè ṣe iṣẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa Inkscape yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń ṣe àkóbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ yìí.

CorelDRAW kò ṣàdédé gbilẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1989 ni iléeṣẹ́ Corel tó wà ní Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé e jáde fún Windows. Adobe ti gbé Illustrator jáde ṣáájú, ní 1987, ṣùgbọ́n Macintosh ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, Macintosh kì í sì í ṣe ẹ̀rọ tí apá oníṣẹ́ ìtẹ̀wé Nàìjíríà ká. Windows ló wọ Ṣómólú àti Múṣin ní Èkó, CorelDRAW sì bá a wọlé. Ṣómólú yìí náà ni ọ̀pọ̀ dìsáínà Rẹ́mọ ń gbé iṣẹ́ tó bá pọ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ńlá wà, Ṣágámù kò sì jìnnà sí Èkó. Ohun tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́hùn-ún bá lè ṣí ni dìsáínà níhìn-ín gbọ́dọ̀ gbé wá. Ìdí gidi nìyẹn, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ilé ìtẹ̀wé nílò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nílò. Ilé ìtẹ̀wé nílò kí fáìlì ṣí kí iṣẹ́ sì jáde lásìkò. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nílò ọwọ́ tó mọ ìlà fà. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, àmì tíntìntín ni wọ́n tò jọ. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n bánà, á fọ́ kálẹ̀. Àwòrán onílà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló gbé ìlà kọ̀ọ̀kan ró, nítorí náà lógò tó wà láyà pólò lè di ti pátákó ojú títì láìfọ́. Pierre Bézier, onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ Renault ní ilẹ̀ Faransé, ló sọ ìlà irú èyí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1960, nígbà tó ń fi í ya ara mọ́tò. Ìlà Bézier kan náà ni CorelDRAW, Illustrator àti Inkscape ń fà. Kókó méjì, ìlà láàárín wọn, ọ̀pá tí wọ́n fi ń tẹ ìlà náà. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n nínú ọ̀kan kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n nínú ìyókù.

Kí á mú báàjì ilé ìwé kan: igi ọ̀pẹ aláwọ̀ ewé lórí ìwé aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sórí pólò funfun. Ọmọṣẹ́ tí kò kọ́ ìlà yóò gba fọ́tò báàjì àtijọ́ lórí WhatsApp, yóò ní kí ètò kọ̀ǹpútà bá òun tọpa rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo á jáde pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún kókó, etí rẹ̀ á rí wọ́gọwọ̀gọ. Bí wọ́n bá gbé e fún ẹ̀rọ tó ń gé vinyl, abẹ rẹ̀ á máa ta gìrì ní gbogbo kókó wọ̀nyẹn, ẹni tó ń ṣa vinyl náà á sì jìyà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi kókó mẹ́rin péré ya imọ̀ náà, yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò yí wọn ká orí ọ̀pẹ.

Lẹ́yìn náà ni pípín àwọ̀. Síkíríìnì kan, ìyẹn àwọ̀n tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, kò lè tẹ̀ ju àwọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọ̀ ewé yóò dá wà lórí ìwé tirẹ̀, wúrà náà yóò dá wà, àwọn méjèèjì yóò sì di dúdú kìrìkìrì kí iná lè mú wọn lórí síkíríìnì. Àmì àgbélébùú kékeré á wà ní igun ìwé kí àwọ̀ méjèèjì lè bá ara wọn ṣe déédéé. Wọn á sì mú kí wúrà fẹ̀ díẹ̀ wọ abẹ́ àwọ̀ ewé, kí aṣọ funfun má baà yọjú láàárín wọn bí pólò bá sún díẹ̀ lórí pátákó. CorelDRAW lè pín àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nínú Inkscape, ọwọ́ ni wọn yóò fi pín in, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele tirẹ̀. Ó gba àsìkò díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ pín in yóò mọ ohun tó fà á tí wúrà fi gbọ́dọ̀ fẹ̀, èyí tí bọ́tìnì kò lè kọ́ ọ.

Ibi tí CorelDRAW ti ju Inkscape lọ wà, ó sì yẹ kí ọ̀gá sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ láìfi bò. Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn RGB, ni Inkscape fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá sì ń fẹ́ CMYK, inki mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbé kàlẹ́ńdà aláwọ̀ púpọ̀ láti Inkscape lọ sí Ṣómólú bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà lè jáde bíi ti ewé tó ti rọ. Wọ́n lè gbé e gba inú Scribus, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n yí i padà níbẹ̀. Fún ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́, wàhálà nìyẹn, CorelDRAW ló tọ́ sí i.

Ti aṣọ yàtọ̀. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ DTF, èyí tó ń tẹ àwòrán sórí fíìmù kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ló sábà máa ń yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀, òun náà ló ń tẹ́ funfun sábẹ́ àwòrán. Sublimation náà kì í béèrè CMYK lọ́wọ́ dìsáínà. Ohun tó ń béèrè ni aṣọ pọliẹ́sítà tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars tó gba líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2025, ọ̀rọ̀ jẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, pọliẹ́sítà sì ni jẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ máa ṣe jẹ́sì fún àwọn ọmọ àdúgbò kò ní pàdánù ohunkóhun bó bá jẹ́ Inkscape ló fi ya á. Oníṣẹ́ mọ̀nógíráàmù pàápàá lè fi Ink/Stitch kún Inkscape lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì gbé fáìlì DST tàbí PES tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń kà jáde. Òótọ́ ni pé Wilcom, tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ń lò, bá CorelDRAW rìn pọ̀. Owó ńlá ni wọ́n sì ń rà á.

Ti Illustrator kò gùn. Láti 2013 ni Adobe ti sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, owó náà sì lé ní ogún dọ́là. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ó ti ju ₦30,000 lọ lóṣù, kí wọ́n tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà òkè òkun lè san án. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò lè san án. Affinity náà ti di ọ̀fẹ́ lábẹ́ Canva láti òpin ọdún 2025, ó sì dára, ṣùgbọ́n ohun tí iléeṣẹ́ kan fi ṣọfẹ́ lónìí, ó lè fi owó lé e lọ́la. Ìwé àṣẹ Inkscape kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó ti wà níta di ti olówó.

Ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ síta ni pé CorelDRAW tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ ayédèrú. Wọ́n dà á kọ láti inú flash kan sí òmíràn, kòkòrò kọ̀ǹpútà sì ń bá a rìn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bó ṣe dáàbò bo ìwé. Ọmọ tó ń fi ìlú sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá kò lè sọ pé ayédèrú lòun fi kọ́ṣẹ́. Ayédèrú náà ló tún ń dá wàhálà ẹ̀dà sílẹ̀: fáìlì tí wọ́n ṣe nínú CorelDRAW X7 kò lè ṣí nínú CorelDRAW 12 àfi bí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀dà àtijọ́. Kò ní sí ìyẹn bí oníkálukú bá ń fi PDF ránṣẹ́, tí wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ìlà.

Ọ̀rọ̀ ṣì wà níbi tó dùn èèyàn jù, ìyẹn àmì Yorùbá. Lórí aṣọ àjọ̀dún àti báàjì ẹgbẹ́ ní Rẹ́mọ, «Ikenne» àti «Sagamu» ni wọ́n ń kọ, bí ẹni pé ìlú wa kò ní ohùn. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹ ni, tí wọ́n gbé àmì ohùn lé lórí, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Nínú ayédèrú àtijọ́, dìsáínà a máa fi ọwọ́ ya ìsàmì sábẹ́ lẹ́tà. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n sún orúkọ náà díẹ̀, àmì á kù sílẹ̀, á bọ́ sábẹ́ lẹ́tà mìíràn. Inkscape pẹ̀lú fọ́ǹtì Noto tàbí Charis SIL, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, ń gbé àmì wọ̀nyí sí àyè wọn láìsí wàhálà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ ọba tàbí ti ìlú sórí aṣọ láìní àmì mọ́.

Ìkẹ́nnẹ́ ni Tai Solarin ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, tó sì kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Ilẹ̀ tó bí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa fi ohun tí wọ́n jí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀, láti Ògèrè dé Ìṣarà, ẹ gbé Inkscape sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ya ìlà, kí wọ́n pín àwọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn pé pérépéré, kí ẹ tó fi CorelDRAW hàn wọ́n. Bí ilé ìtẹ̀wé yín bá sì ń jẹun lára CorelDRAW, ẹ ra ojúlówó rẹ̀.