Dáìsì Tí Kò Ní Eegun

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dá sí lónìí, inú ọjà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, mo yà sí ìsọ̀ aláṣọ kan tí ó jẹ́ ará ìjọ wa. Mo bá ọkùnrin náà tí ó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ méjì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, fóònù kan sì wà lórí káńtà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń ta lúdò lórí fóònù náà láti àárọ̀. Oníbàárà méjì ti wọlé, wọ́n sì ti jáde láìsí ẹni tí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó bí ọ̀gá wọn nínú jù. Wọ́n fi owó lé ayò náà, owó tí wọ́n sì fi lé e, owó ọjà ni.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n dìde, èyí àgbà nínú wọn sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, Àlùfáà. Dáìsì ni a gbọ́ pé ẹ̀sìn kọ̀. Èyí kì í ṣe dáìsì. Kò ní eegun, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ jù ú. Fóònù ni ó ń mú nọ́ńbà." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé ilé. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ owó sọ́tọ̀. Níbi tí owó bá ti wà lábẹ́ ayò, tí ẹnì kan yóò jẹ, tí ẹnì kejì yóò pàdánù, tẹ́tẹ́ ni, a kì í jiyàn lé e. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ní orí karùn-ún, ẹsẹ 90 àti 91, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa: Ṣàìtánì ń fi í dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin ènìyàn, ó sì ń fi í ṣí wọn lọ́wọ́ kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Àwọn ọmọ méjèèjì kò tí ì kí ìrun Àílà nígbà tí mo dé. Èyí tí ó jẹ nínú wọn fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà ti di tirẹ̀. Mo ní kí ó kó o padà sínú àpótí ọjà, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti jáde.

Ibi tí kò bá sí owó ni ọ̀rọ̀ ti gùn díẹ̀. Ní ayé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ayò kan wà tí àwọn ará Páṣíà ń fi dáìsì ta, tí wọ́n ń pè ní nárídì. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì fi ẹni tí ó ń ta á wé ẹni tí ó ti ọwọ́ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Nínú ìwé Muwatta ti Ìmáàmù Málíkì, ẹni tí àwa ará ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé nínú òfin ẹ̀sìn, a kà á pé Àíṣátù gbọ́ pé àwọn tí ó ń gbé nínú ilé òun ní nárídì lọ́wọ́. Ó ránṣẹ́ sí wọn pé bí wọn kò bá gbé e jáde, òun yóò lé àwọn gan-an jáde. Abdullah ọmọ Umar ní tirẹ̀, bí ó bá bá ará ilé rẹ̀ kan nídìí ayò yìí, yóò nà án, yóò sì fọ́ dáìsì náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò bèèrè bóyá owó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pè é ní èèwọ̀. Díẹ̀ wà, bí Abu Ishaq al-Marwazi nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣáfíì, tí ó ní ohun ìkórira ni, kò dé ipò èèwọ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fi í pamọ́. Èmi dúró lọ́dọ̀ àwọn tí ó pọ̀ jù. (Kí ẹnikẹ́ni má fi ayò ọlọ́pọ́n wé èyí o. Ọpọlọ ni àwọn baba wa fi ń ta á lábẹ́ igi, kò sí dáìsì nínú rẹ̀.)

Ǹjẹ́ dáìsì fóònù ha jẹ́ dáìsì bí? Ẹ wo ìrìnàjò lúdò fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Índíà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ń pe ayò náà ní Pachisi. Owó ẹyọ, irú èyí tí àwọn baba wa fi ná ọjà, ni wọ́n ń dà sílẹ̀ níbẹ̀. Iye tí ó bá ṣíjú sókè ni wọ́n fi ń mọ iye ilé tí wọn yóò rìn. Ní ọdún 1896 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lúdò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáìsì sì gba ipò owó ẹyọ. Láti owó ẹyọ dé eegun, láti eegun dé ike, láti ike dé inú fóònù, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà: nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú ni ó ń pàṣẹ ìrìn. Bí eegun kò bá sí lára owó ẹyọ, tí a sì mọ̀ pé iṣẹ́ dáìsì ni ó ń ṣe, a kò lè tìtorí eegun dá fóònù sílẹ̀.

Ọmọ ìlú wa kan tí ó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ̀wé sí mi rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti àwọn Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe eré Dungeons & Dragons, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Wọn yóò jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan yóò máa sọ ìtàn, àwọn yòókù yóò gba ipò jagunjagun tàbí olè nínú ìtàn náà, dáìsì olójú ogún ni yóò sì sọ bóyá idà ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Wọn kì í fi owó lé e. Nígbà tí wọ́n gbọ́ hádíìsì, wọ́n kó dáìsì wọn dànù, wọ́n sì ń lo ti fóònù. Ó ní ṣé àwọn ti bọ́? Mo rán an létí àwọn ará etí òkun tí orí keje Àlùkùránì sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tí a kọ ẹja pípa fún ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn onítúmọ̀ ní wọ́n ń dẹ àwọ̀n sílẹ̀ ní Jímọ̀, wọ́n sì ń kó ẹja ní Àìkú. Bí dáìsì eegun bá jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, ti fóònù kò sọ wọ́n di ẹni mímọ́. Síbẹ̀, nínú eré tiwọn, kò sí ẹni tí ó jẹ, kò sí ẹni tí wọ́n jẹ, kò sì sí owó. N kò jẹ́ pè wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọ aláṣọ yẹn. Mo ní kí wọ́n fi dáìsì sílẹ̀, kí ẹni tí ń sọ ìtàn máa dájọ́. Kò tí ì dá mi lóhùn.

Ohun kan wà nínú fóònù tí kò sí nínú eegun, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sì ti kàn mí jù. Ẹ̀rọ kì í ju nǹkan kan. Ìṣirò ni ó ń ṣe: yóò mú nọ́ńbà kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn láti ara aago inú rẹ̀, yóò sọ ọ́ di púpọ̀, yóò pín in, yóò sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù hàn wá. Ẹni tí ó bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìṣirò náà lè mọ gbogbo èyí tí ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eddie Tipton ni wọ́n fi ṣe olórí ààbò ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ lọ́tìrì ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ó fi ọgbọ́n tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ń mú nọ́ńbà, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọdún, òun lè mọ ìwọ̀nba nọ́ńbà tí ó lè jáde. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2010, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ iye tí ó ju mílíọ̀nù 14 dọ́là lọ. Wọn kò san owó náà, ní ọdún 2017 adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 25. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ọjà lé lúdò orí fóònù, ẹni tí ẹ kò rí ni ó kọ ìṣirò dáìsì tí ẹ ń tẹ̀.

Alájà kan tí ó ń ta ìrẹsì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi ní mọ́sálásí, ó sì mú ti ẹgbẹ́ wọn wá. Àwọn obìnrin ogún ni wọ́n ń dá àjọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ́sẹ̀, tí ẹnì kan fi ń kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ẹni tí ó kó o ṣáájú yóò fi ra ọjà kí owó rẹ̀ tó gbé sókè. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn yóò dúró fún ogún ọ̀sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ sínú ìwé, wọ́n á ká a, wọ́n á dà á sínú igbá, ọmọ kékeré á sì máa mú un. Nísinsìnyí, fóònù akọ̀wé ni ó ń ṣẹ́ kèké. Ìgbà méjì léraléra ni àbúrò akọ̀wé bọ́ sí ipò kìíní tàbí ìkejì, àwọn kan kò sì kí akọ̀wé mọ́. Alájà ní, "Àlùfáà, ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni àwa náà ń ta?"

Mo ní rárá. Kèké kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kèké láàrin àwọn ìyàwó rẹ̀ láti mọ èyí tí yóò bá a rin ìrìnàjò, àwọn ènìyàn sì fi ohun ìkọ̀wé wọn ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò tọ́ Màríyámọ̀. Nínú àjọ, olúkúlùkù ń gba iye tí ó dá, kò sí ẹni tí ó pàdánù. Mo sì fi kún un pé kí wọ́n má pe akọ̀wé ní olè. Bí kèké bá jẹ́ òtítọ́, kí ẹnì kan nínú ogún bọ́ sí ipò méjì àkọ́kọ́ nígbà méjì tí ó tẹ̀ léra, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó rí ọwọ́ tí ó ṣẹ́ ẹ, akọ̀wé kò sì ní ohun tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n padà sí igbá.

Wọ́n gbà. Alájà ní ọmọ-ọmọ òun tí ó jẹ́ ọdún mẹ́rin ni yóò máa mú ìwé. Akọ̀wé ní kí wọ́n kúkú fi àbúrò òun sí ìkẹyìn ní ti èyí, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Mo ní kí orúkọ rẹ̀ wà nínú igbá bí ti gbogbo wọn.