Ọmọ Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í sọ ọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde: ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ̀kọ́ ilé ló ń kọ́, kò kan ilé-ìwé. Òwe ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọ́n lo òwe náà sódì. Ọmọ tí òkété ń mu ọmú rẹ̀ ti dàgbà, ó ti bímọ tirẹ̀. Èyí tó ṣì yẹ ká máa bọ́, kí ló ní tí yóò fi bọ́ ẹlòmíràn?

Kí ọmọ gbálẹ̀, kó pọnmi, kó fọ abọ́, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ilẹ̀ gbígbá a máa parí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ ló ń gbé e dìde lóru, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tó ń fún un lóògùn, tí yóò tún lọ tò fún káàdì lọ́sibítù kílẹ̀ tó mọ́: iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn, kò sì lọ́jọ́ ìsinmi.

Irú ọmọ yìí á dé géètì ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àsẹ́ḿbílì tán. Wọ́n á nà án, wọ́n á ní kó lọ gé koríko. Kò ní ṣàlàyé, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé pé a kì í tú àṣírí ilé síta. Bó bá sùn ní kíláàsì, ọ̀lẹ ni wọn ó pè é.

Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1990, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, gbà pé kí ọmọ ran òbí lọ́wọ́, àmọ́ kó má ju ọjọ́ orí àti agbára rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí wa, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ló gbé kúrò lọ́rùn òbí, kò lè gbé aláìsàn kúrò lọ́rùn ọmọ. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti ọdún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń ní kí ilé-ìwé ka àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ará ilé wọn. Rẹ́jísítà àti bírò ti tó láti fi kà wọ́n. Àwa náà ní méjèèjì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń dá owó aṣọ fún ọdún Ojúde Ọba, ẹ dá díẹ̀ kún un, kí ẹ fi gba alábòójútó fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ní sáà tó ń bọ̀, ẹ yan tíṣà kan tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì yọ orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò lára àwọn tí ẹ ń nà ní géètì.