Ẹ̀yin Ọ̀gá Káfíńtà, Ọnà Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Lẹ̀ Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ igi,

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìrókò, ọ̀gànwó àti àpá kan kọ́bọ́ọ̀dù ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ yín. Èmi náà, igi ni mo ń bá ṣe: títún kọ́bọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ ṣe ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Mo ń rí bí iṣẹ́ yín ṣe ń rí lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú ilé onílé. Àpótí rẹ̀ máa ń dúró dáadáa. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó sì ń tì. Ọnà ara rẹ̀ ló ń dójú tini. Òdòdó tí ẹ̀rọ gé sílẹ̀ ni ẹ ń rà lọ́jà, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ilẹ̀kùn, ẹ ó fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì fọ́n fáànìṣì lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Oníbàárà á yọ̀, á sanwó. Kò ní pẹ́ tí òdòdó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò níbẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére wa ní ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọnà lílé ló ń ṣáájú: àáké ni wọ́n fi ń lé ìrísí iṣẹ́ jáde lára ìtì igi. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí orí, apá àti ẹsẹ̀ ti ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí gbogbo ara iṣẹ́ á fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: irun, ilà ojú, ìṣẹ́po aṣọ, gbogbo ohun tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀bẹ nìkan ló lè ṣe é. Ẹ kíyè sí ibi tí dídán wà. Ó ṣáájú fínfín. Tí ọ̀bẹ bá ti fín ọnà tán, kò sí ohun kankan tó tún gbọ́dọ̀ ha ojú ibẹ̀.

Àwa ti yí ètò yìí sódì. Ọmọ iṣẹ́ á fín ọnà, ọ̀gá á ní kó gbé sáńpépà kó fi ha á kó lè dán. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń kú. Ojú ọnà tí ọ̀bẹ gé ní etí tó mú; etí yẹn ló ń pín ìmọ́lẹ̀ àti òjìji níyà, òun ni ojú wa ń rí tí a fi ń sọ pé ewé rèé, okùn rèé. Sáńpépà á ha etí náà kúrò, fáànìṣì tó nípọn á di kòtò tó kù. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju kókó wúruwùru kan lọ.

Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkéré ní nǹkan bíi 1910 sí 1914. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ débi pé wọ́n fi àga ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà kí wọ́n tó rí i gbà. Àwọn èèyàn tó wà lára ilẹ̀kùn náà yọ síta gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Olówè kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán, ó fín ọnà wẹ́wẹ́ sí i, ọnà wẹ́wẹ́ náà kò sì bá àwọn èèyàn iwájú du ojú. Ó mọ èyí tó yẹ kó ga àti èyí tó yẹ kó wà nílẹ̀. Lára kọ́bọ́ọ̀dù tiwa, gbogbo òdòdó ló ga bákan náà, ojú kò sì mọ ibi tí yóò sinmi sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tí mo máa ń bá jù lọ, ìyẹn pákó tó là. Pákó gidi kì í dúró lójú kan. Nígbà òjò, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì ń fẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó ń gbẹ, ó sì ń sún kì. Ìbú rẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Gígùn rẹ̀, níbi tí iṣan igi gbà, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Tí ẹ bá wá lẹ bíìdìn, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fi ṣe ọ̀ṣọ́, dábùú pákó fífẹ̀, tí ẹ kun gọ́ọ̀mù sí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, pákó fẹ́ sún kì, bíìdìn kò jẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, pákó á là, á sì là gba àárín ọnà kọjá. Oníbàárà á ní igi náà kò dára. Igi kò jẹ̀bi. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí àárín bíìdìn nìkan, kí ìpẹ̀kun méjèèjì rí àyè rìn. Tàbí kí ẹ gé kòtò sínú férémù, kí pákó àárín jókòó sínú rẹ̀ láìní gọ́ọ̀mù kankan. Èyí tó dára jù ni kí ẹ gbẹ́ ọnà náà láti inú ìnípọn pákó fúnra rẹ̀, torí ohun tí wọn kò lẹ̀ mọ́ ọn kò lè ṣí kúrò.

Mo tún ń bẹ̀ yín nípa ibi tí ẹ ń fi ọnà sí. Ọwọ́ èèyàn kì í kúrò lára ìdìmú ilẹ̀kùn àti dúrọ́ọ̀; ọnà tó jìn níbẹ̀ á gba èérí, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè nù ún tán. Ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ń gba omi ìnulẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má fi ọnà síbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀kùn méjì ti pàdé, ẹ ya ọnà náà sára méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lè parí lósì. Ẹ sì gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kí ẹ tó sọ pé ó parí, torí iná tó kọjú sí i gbọnrangandan máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀. Ẹ ó ní oníbàárà kò ní sùúrù, pé iye òdòdó ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó dá owó lé e. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọnà kan ṣoṣo tí ọwọ́ fín dáadáa sí orí ilẹ̀kùn kò gba àkókò ju òdòdó méjìlá tí ẹ ń lẹ̀, tí ẹ tún ń ha. Ní ti MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, èmi kò bá a jà. Kò ní iṣan, etí ọnà kì í mú lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà tó rẹwà, kó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ká mi lára jù. Wọ́n ń parí ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń gba frídọ̀mù láìmọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ wo Lamidi Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún: inú ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń gbẹ́gi kó tó lọ di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Aréógun tó jẹ́ agbẹ́gilére, ní ibùdó tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tún jókòó kọ́ iṣẹ́. Òun ló wá gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì kọ́ àwọn mìíràn níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gba frídọ̀mù mọ́ láìjẹ́ pé ó fín ọnà kan tí kò fọwọ́ kan sáńpépà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù yín ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó kùn ún ní fáànìṣì, kí ẹ fi ìka tọ ojú ọnà rẹ̀. Tí etí rẹ̀ kò bá mú, ẹ má tíì san owó tó kù.