Ilẹ̀kùn Ṣí, Ọmọ Ṣì Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí kò pé 460,000 ní ọdún 1954, fò sókè ju 800,000 lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mú wọlé tí a kò fún ní ìjókòó, a kò tíì gbà á ní àlejò.

Títí di òní, ọmọ púpọ̀ ń dé kíláàsì kẹrin láì lè ka ìlà kan já geere. Wọn a pè é ní olódo, wọn a nà án, nígbẹ̀yìn a kọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwa kò gbà pé orí ọmọ náà ni kò pé. Ìka kò dọ́gba, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gé èyí tí ó kúrú sọnù.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ẹ mọ ọ̀nà rẹ̀ jù. Gbogbo ebè iṣu ni ẹ ń ro. Èyí tí ìtàkùn rẹ̀ wọ́lẹ̀, ẹ ń fi ọ̀pá gbé e ró. Èyí tí ewé rẹ̀ ń rọ, ẹ ń tú ìdí rẹ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí ní ilé-ẹ̀kọ́. Èkínní, kí a kọ́ gbogbo ọmọ dáradára ní èdè tí wọ́n gbọ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì, kí tíṣà yẹ olúkúlùkù wò ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí ó sì kó àwọn tí ó rẹ̀yìn jọ ní ìwọ̀nba, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí. Ẹgbẹ́ Pratham ní ilẹ̀ Íńdíà ti ń to ọmọ pọ̀ báyìí. Ẹ̀kẹta, àwọn díẹ̀ tí èyí kò tó fún, kí a jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì yẹ ojú àti etí wọn wò. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n, kí ó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kíákíá.

A kò ṣàì mọ̀ pé tíṣà kan láàárín ọgọ́ta ọmọ kò lè dá èyí ṣe. Òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan. Nítorí náà ni a fi ń béèrè pé kí ìjọba fi tíṣà kún tíṣà, kí ó sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀ràn náà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá ọmọ dúró nílé ní ọjọ́ ọjà. Àwọn aṣáájú wa ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti mú ọmọ wọlé.