Ìkíni kò gbọdọ̀ sọnù lórí fóònù: Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ògùn àti olùkọ́ wọn

Nígbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó tó la ẹnu. Lónìí, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Àṣà náà túbọ̀ gbilẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta, ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣakí, níbi tí Pólì Òkè-Ògùn ti ń dá dúró láti ọdún 2014, ó sì kan Ìsẹ́yìn, níbi tí LAUTECH ti ṣí ọgbà tuntun ní 2022.

Èdè ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní 'ẹ' fún àgbà, 'o' fún ẹgbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò nì í: 'you' kan náà ni fún ọba àti ọmọ ọ̀dọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lórí fóònù ti pàdánù ìdọ̀bálẹ̀, ó tún ti pàdánù 'ẹ'. Bó bá kọ 'Hi', tó sì béèrè máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè má ní àfojúdi lọ́kàn, ṣùgbọ́n àfojúdi ni olùkọ́ yóò kà.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti rí i. Ní 1995, Sally Hambridge, òṣìṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà kan fún àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí òǹkọ̀wé rántí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí àṣà rẹ̀ lè yàtọ̀ ni yóò kà á, àti pé ẹni tó ń fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ̀wé dà bí ẹni tó ń pariwo.

Kí ni yóò wá rọ́pò ìkúnlẹ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ kí olùkọ́ pẹ̀lú oyè rẹ̀. Kó kọ orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti kọ́ọ̀sì rẹ̀, kó sì sọ ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dúró déédéé, ẹni tó kí ènìyàn tó sì ń retí èsì kó tó sọ ohun tó bá wá ń fi àkókò ṣòfò ni. Kó má ṣe gé ọ̀rọ̀ kúrú bíi ti ẹgbẹ́, kó má sì fi òru jí àgbà. Nínú gúrúùpù kọ́ọ̀sì, kí ìpolówó ọjà àti èébú má ṣe wọlé. Ẹni tó bá ṣẹ ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ kan là á pè é sí.

Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rù. Ní 2022, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Dutse kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ìyàwó Ààrẹ Muhammadu Buhari sórí Twitter. Wọ́n mú un ní oṣù kọkànlá, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Àbújá. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀, wọ́n fa ẹjọ́ náà yọ ní oṣù kejìlá. Ohun tí ìbáwí òbí ì bá yanjú ni wọ́n sọ di ti ọlọ́pàá.

Nítorí náà, ojúṣe kan àwọn olùkọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwà pẹ̀lẹ́ béèrè máàkì tí kò rí kò ṣe àfojúdi. Èsì ló tọ́ sí i, nítorí máàkì kan tó sọnù lè dá a dúró fún odidi ọdún kan. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí a bá sì tẹ̀ sórí fóònù, ẹlòmíràn lè ti tọ́jú rẹ̀ kí a tó pa á rẹ́.